Imọ̀ Ọ̀pẹ Tí Mo So Sí Ìhà Kan

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè jókòó parí ìtàn yìí, kó dìde báyìí kó máa lọ, torí bí mo bá ti la ẹnu, n kì í dá ọ̀rọ̀ dúró de ẹni tó lọ tọ̀. Ìwọ Adéoyè tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. Èmi ni Ọdẹ́níyì, ọmọ Ọdẹ́bùnmi, ọdẹ ará Òkè-Àyán, ẹni tí àwọn ìjọ ṣe ìrìbọmi fún tí wọ́n sì pè ní Tímótì. Mo ti bá ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí èmi àti òun kò lè yà fún ara wa, òun ló fi ẹ̀yìn rìn padà. Mo ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí igi nítorí ẹkùn kan tó fi ìdí igi náà ṣe ilé, nígbà tí mo sì sọ̀ kalẹ̀, awọ rẹ̀ ni mo gbé lọ sílé. Bí mo bá ní kí n máa ka gbogbo rẹ̀ fún yín, a ó sùn síbí. Ṣùgbọ́n ti ẹran tí mo pa kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ti ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi ọdẹ ni, ọdún méje gbáko ló sì fi ń jẹ mí nínú ilé ara mi, kí n tó gbéra lọ bá a jà nínú igbó.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ẹ má baà máa dá mi lẹ́nu lẹ́yìn. Bí ọdẹ bá dẹ tàkúté onírin sójú ọ̀nà tí èèyàn lè gbà, ó gbọ́dọ̀ so imọ̀ ọ̀pẹ méjì. Á so ọ̀kan síwájú tàkúté, á so èkejì sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ojú á ti rí i kí ẹsẹ̀ tó débẹ̀. Ẹni tó bá rí imọ̀ ọ̀pẹ yóò yà gba inú igbó kọjá. Bí ọdẹ bá sì ti ká tàkúté rẹ̀ kúrò, ó gbọ́dọ̀ tú imọ̀ méjèèjì, torí imọ̀ ọ̀pẹ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí tàkúté ti kúrò, ọ̀nà ló ń dí lásán. Ẹlòmíràn kì í sì í bá ọdẹ tú u. Ẹni tó so ó ni yóò tú u. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ máa ń mọ èyí kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn.

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọdún méje ṣáájú ìrìn tí mò ń sọ yìí, mo dẹ tàkúté de túùkú kan tó ń jẹ àgbàdo mi. Mo so imọ̀ ọ̀pẹ sí ìhà ilé. Bí mo ṣe fẹ́ gbé èkejì lọ sí ìhà odò, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀ka igi, mo wá wí fún ara mi pé, “Ta ni yóò gba ìhà odò bọ̀ nínú irú òjò yìí? Ó di àárọ̀.” Mo sọ imọ̀ náà sílẹ̀, mo sáré lọ sílé. Bámikọ́lé ló gba ìhà odò bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú lásán. Lọ́dọ̀ bàbá mi ni àwa méjèèjì ti jọ kọ́ṣẹ́, inú abọ́ kan náà la ti jọ ń jẹun. Ó ń sá fún òjò bọ̀ wálé, tàkúté mi sì ré mú un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi tí mo ní kí n lọ so imọ̀ ọ̀pẹ kejì láàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi ni mo bá lẹ́nu irin, òjò ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ẹsẹ̀ náà kò ṣeé tọ́jú mọ́. Wọ́n gé e láti orúnkún.

Bámikọ́lé kò bá mi jà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó kó lọ sí Ìsàlẹ̀-Ìrókò, abúlé ìyá rẹ̀, ní òdìkejì igbó ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Igbó Àbámọ̀, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ní Bíbélì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ sí mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun ti dárí jì mí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n wá kí òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi rán wọn, ó ní, “Ẹ sọ fún Ọdẹ́níyì kó wá tú imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀.” Èyí ló dùn mí dé egungun. Imọ̀ ọ̀pẹ wo? Èyí tí n kò so tó fi di arọ ni? Mo ní ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni, ẹ̀sín náà sì tọ́ sí mi. N kò lọ. Mo gbé tàkúté náà kọ́ sórí ìṣó kan lára ògiri yàrá mi, òun ni ojú mi kọ́kọ́ ń rí láràárọ̀. Ẹ́sítérì aya mi bẹ̀ mí títí, ó ní, “Bàbá Títílọpẹ́, ẹ gbé irin yìí jù nù, ẹ̀mí yín ló ń jẹ.” N kò gbé e jù. Lọ́jọ́ ìsinmi, màá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Olúwa, màá sunkún sí i, tí wọ́n bá sì ti túká, màá tún gbé e padà sílé bí ẹni tó kó ẹrù lọ sọ́jà tí kò tà. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo bá na ìbọn sí ẹran, ọkàn mi á ní, bóyá èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo bá fi rò ó tán, ẹran ti lọ. Èmi Ọdẹ́níyì, ọmọ Ọdẹ́bùnmi, ni ọ̀yà wá ń kọjá níwájú tí kì í sáré mọ́.

Ní ọjọ́ Jimọ́ọ̀ kan, Abíọ́nà, àbúrò Bámikọ́lé obìnrin, wọ ilé mi pẹ̀lú eruku ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lára. Kò jókòó. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Ọdẹ́níyì, Bọ̀ọ̀dá mi kò lè jẹun mọ́. Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí òun kú láìfojú kàn yín.” Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ló rò pé ó kù. Ó ní, “Bí ẹ bá gba ọ̀nà tí mo gbà wá, ọjọ́ mẹ́ta ni, ẹ ò sì ní bá a láyé.” Ọ̀nà kejì tó wà, inú Igbó Àbámọ̀ ni. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní ìdájí yóò jáde kí oòrùn tó wọ̀, bí ó bá jáde. Ẹni tí oòrùn bá wọ̀ mọ́ nínú rẹ̀, wọn kì í rí i mọ́. Mo ki ìbọn mi, mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́ èjìká. Bí mo ṣe fẹ́ jáde, mo yọ tàkúté lára ògiri, mo jù ú sínú àpò. Mo ní bí ọ̀rẹ́ mi bá ń kú lọ, ó kéré tán kó rí i pé n kò gbàgbé. Ẹ́sítérì rí mi, ó mi orí, ó ní, “Ẹ̀yin àti Olúwa ni kẹ́ ẹ jọ lọ o. Irin yẹn kì í ṣe ẹnì kẹta tó dáa.”

Ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo wọ igbó. N kò ní fi bí mo ṣe rìn dá yín dúró. Nígbà tí ìrì gbẹ, mo dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ibẹ̀ ni mo sì ti rí abàmì ẹ̀dá àkọ́kọ́. Ó ga, ó gbẹ, àmọ́ ojú rẹ̀ kò sí níwájú. Ní ìpàkọ́ ni ojú, imú àti ẹnu rẹ̀ wà. Iwájú ló ń rìn sí, ẹ̀yìn ló ń wò, igi tí kò rí ló sì ń fi orí gbá. Àpá kún orí àti orúnkún rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tipa bẹ́ẹ̀ kọjú sí mi, ó ní, “Ọdẹ, Bojúwẹ̀yìn ni wọ́n ń pè mí. Kí ni ohun tó kọjá lọ tí kò kúrò?”

Mo ní, “Àná ni.”

“Kí ni ohun tí ẹnìkan ń jẹ tí òun náà ń jẹ ẹ́?”

Mo ní, “Àbámọ̀ ni. Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn àgbà kò tíì bá mi pàdé ni. Mo lè mú ọ padà sí ìrọ̀lẹ́ tí òjò ṣú sí ọ. Wàá gbé imọ̀ ọ̀pẹ kejì nílẹ̀, wàá so ó.” Mo bi í pé kí ni yóò gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Nǹkan kékeré. Òní rẹ nìkan.”

Ẹ gbọ́, ọlọgbọ́n ni mí, ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo gọ̀ ju ewúrẹ́ lọ. Mo rò ó pé kí ni òní jẹ́ lára ohun tí mo máa rí gbà, mo bá ní, “Mú mi lọ.” Ó fà mí lọ́wọ́ yí igi ìrókò kan po, nígbà tí mo sì gbójú sókè, oko àgbàdo mi ni mo rí, òjò ṣú, tàkúté wà lẹ́nu ọ̀nà, imọ̀ ọ̀pẹ kejì wà nílẹ̀ níbi tí mo sọ ọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ọwọ́ mi gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni fẹ́ gbá èéfín mú. Mo tún gbé e, kò ṣeé gbé. Ni mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ Bámikọ́lé tó ń sáré bọ̀ láti odò, ó ń súfèé. Mo kígbe mọ́ ọn, kò gbọ́. Mo nà gbalaja sójú ọ̀nà, ó gba orí mi kọjá, mo sì gbọ́ ìró irin. Ọdún méje ni mo ti ń fojú inú wo ìgbà tí irin náà ré. Ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èèyàn dúró tì í kó gbọ́ ọ.

Bojúwẹ̀yìn ní, “O pẹ́ díẹ̀ ni. Jẹ́ ká tún lọ.” A tún yí ìrókò po. Ó tún rí bákan náà. A lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, nígbà tí mo dìde nílẹ̀ tí ẹkún ti bo ojú mi, mo rí òjìji ara mi, ó ti yí sí ìhà kejì. Oòrùn ti kọjá àtàrí. Òní mi ló ń lọ yẹn, ọ̀rẹ́ mi sì ń kú lọ níbi tí mo ṣì lè bá a. Mo wo abàmì náà, mo bi í pé, “Ìwọ ńkọ́? Ọdún mélòó lo ti ń lọ tí o ń bọ̀?”

Ó ní, “Igba ọdún. Mo ní kí ọmọ mi dúró dè mí létí odò. Mo pẹ́ kí n tó dé.”

“Nínú igba ọdún yìí, ṣé o ti bá a létí odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ má rò pé kò ṣe mí. Mo ní kó yí ọrùn rẹ̀ padà kó bá mi lọ. Ó ní kò yí mọ́. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ lọ, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní òní mi ti di tòun, ó sì fi ìka mẹ́wàá gbá àpò mi mú níbi tí tàkúté wà. Mo fà, ó fà. Agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ní, “Jésù Olúwa, n kò lè tún àná ṣe, ìwọ ló ni ín. Gba òní yìí sílẹ̀ fún mi.” Bí mo ṣe gba àdúrà yìí tán ni ọgbọ́n ọdẹ sọ sí mi nínú. Mo rántí pé ẹ̀yìn nìkan ni ojú rẹ̀ ń wò. Mo ta kọ́sọ́, mo gba abẹ́ apá rẹ̀ bọ́ sí iwájú rẹ̀, níbi tí kò lè rí. Ó tú àpò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi, ó ń fi orí gbá igi. Èmi sá, ọ̀nà iwájú ni mo gbà, n kò sì bojú wẹ̀yìn.

Odò kan dá igbó náà sí méjì. Igi àràbà tó ṣubú dábùú rẹ̀ ni afárá, omi abẹ́ rẹ̀ sì dúdú débi tí èèyàn kò lè mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní àárín afárá ni ẹ̀dá kékeré kan lúgọ sí, kò tó ọmọ ológbò, ẹnu rẹ̀ sì ya dé etí. Mo ní kí n fi ẹsẹ̀ gbá a sómi kí n máa lọ. Ó gbé ojú sókè, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, “Bóyá ó ti kú.”

Mo ní, “Kò kú.” Bí mo ṣe dá a lóhùn ló ga dé orúnkún mi.

“Bóyá kò kú. Bóyá èpè ló fi ń dúró dè ọ́.”

“Bámikọ́lé kì í ṣépè.” Ó ga dé ìbàdí mi.

“Bóyá àìsàn yìí, ojú egbò ẹsẹ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní, “Àwọn dókítà ló gé e, èmi kọ́.” Ẹ wo irú èsì tí àgbà ọdẹ ń fọ̀. Ó ga jù mí lọ, afárá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ wa. Ó ní bóyá Ẹ́sítérì ni tàkúté mi yóò mú lọ́la, bóyá Títílọpẹ́ ọmọ mi ni, bóyá ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n yìí ni yóò rọ tí ebi yóò fi pa wá kú. Gbogbo èyí tó sọ ni mo fèsì sí, gbogbo èsì mi ló sì ń jẹ, tó fi di òkè tó dí ojú oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn lóru nítorí ọ̀la, ẹ mọ ẹ̀dá yìí, ẹ má díbọ́n fún mi. Mo ní, “Kí lo fẹ́ gbà tí o fi máa yà fún mi?”

Ó ní, “Ẹsẹ̀ fún ẹsẹ̀. Gbé irin inú àpò rẹ jáde, dẹ ẹ́, kí o sì ki ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ bọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀yin méjèèjì á dọ́gba, tí wàá lè wo ojú rẹ̀.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Ọdún méje ni mo ti ń wá ẹni tó máa dá mi lẹ́jọ́, torí àwọn tó ń dárí jì mí ti sú mi. Mo gbé tàkúté kalẹ̀ lórí afárá, mo fi ẹsẹ̀ tẹ apá rẹ̀ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ là, mo fi ìkọ́ dá a dúró. Mo bọ́ bàtà mi. Oòrùn ti ń pọ́n lẹ́bàá igi. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo mú un wá sórí eyín irin.

Bí mo ṣe ń wo eyín irin náà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo rántí ẹsẹ̀ mìíràn tí irin ti wọ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìrántí ikú Olúwa, wọ́n ń kà á fún wa bí wọ́n ṣe kan Jésù mọ́ igi tọwọ́ tẹsẹ̀. Mo máa ń bá wọn sunkún. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo rò pé nítorí àwọn olè àti àwọn apànìyàn ni. Kò sọ sí mi nínú rí pé imọ̀ ọ̀pẹ tí mo sọ sílẹ̀ nítorí òjò wà lára ohun tó gbé irin náà wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo wí sókè, mo ní, “Ọdẹ́níyì, bí ẹsẹ̀ yẹn kò bá tó, kí ni tìrẹ fẹ́ fi kún un?” Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò, mo sì fi ìdí ìbọn tẹ àárín tàkúté. Ó ré gbàù, ó bù lára igi ìbọn mi. Àmì rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó. Mo gbé e sókè, mo jù ú sínú ibú omi dúdú náà, ó rì.

Ẹ̀dá Bóyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. “Bóyá o ṣàṣìṣe. Bóyá Ọlọ́run kò gbọ́. Bóyá ilẹ̀ á ṣú kí o tó jáde.” N kò fèsì. Mo ní, “Olúwa, gba ẹni yìí lọ́wọ́ mi, ìwọ ni kó máa bi léèrè ọ̀la.” Mo wọ bàtà mi, mo kọjú sí i, mo ń rìn lọ bá a. Ó dé èjìká mi, ó dé ìbàdí mi, ó dé orúnkún mi. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tó ọmọ ológbò mọ́, mo sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ ilẹ̀ ni àràbà náà kán sómi lẹ́yìn mi. Mo mú eré. Ẹ̀gún ya mí, ìtàkùn gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, oòrùn sì ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí oòrùn náà wọ̀ lẹ́yìn òrùlé ilé, mo jáde sí ẹ̀yìn ọgbà Ìsàlẹ̀-Ìrókò.

Bámikọ́lé wà láàyè. Orí ẹní ló wà, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ nìkan ni mo fi dá a mọ̀. Ó wò mí, ó ní, “O pẹ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, “Bámikọ́lé, èmi ni mo sọ ọ́ di arọ. Mo mọ àṣà, mo sì sá fún òjò.”

Ó ní, “Ìwọ ni. N kò ní sọ pé ìwọ kọ́, irọ́ kì í wo egbò san. Ìwọ lo ṣe é, mo sì ti dárí rẹ̀ jì ọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀ kó tó kan èmi. Ìwọ nìkan ló ṣẹ́kù.” Ó wo àpò èjìká mi. “Mo gbọ́ pé o gbé tàkúté náà kọ́ sára ògiri. Ibo ló wà?”

Mo ní, “Mo ti jù ú sínú ibú odò.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, “Ṣebí inú ibú ni wọ́n kọ́ wa pé Olúwa ń ju ẹ̀ṣẹ̀ wa sí. Ọdún méje sẹ́yìn ló ti ju tìrẹ síbẹ̀. Ìwọ lo lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e jáde. Dìde nílẹ̀, kí o wo òkè ẹnu ọ̀nà mi.”

Mo gbójú sókè. Imọ̀ ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti di pupa. Mo bi í pé ta ló so ó.

Ó ní, “Ìwọ ni. Èyí tí o so sí ìhà ilé ni. Nígbà tí ẹ ń gbé mi kọjá lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo na ọwọ́, mo já a. Inú ìrora ni mo wà, inú sì ń bí mi. Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹni tó so ọ̀kan kò ní ibi lọ́kàn, n kò sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ìwọ gbé èyí tó ṣe mí léṣe kọ́ sára ògiri tìrẹ, èmi gbé èyí tí o fi ro tèmi kọ́ sí tèmi. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, torí ẹni tó so ó ni yóò tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ránṣẹ́. Tàkúté ti kúrò lójú ọ̀nà àwa méjèèjì tipẹ́tipẹ́, Ọdẹ́níyì. Wá tú imọ̀ ọ̀pẹ rẹ.”

Mo dìde. Mo na ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí kò lè na ìbọn fún ọdún méje, kò sì gbọ̀n. Mo tú okùn náà. Imọ̀ náà wó sí mi lọ́wọ́, ó di eruku, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bámikọ́lé lo ọjọ́ mọ́kànlá sí i. Èmi ni mo ń gbé e jáde sí oòrùn láràárọ̀, èmi ni mo ń bọ́ ọ, a sì rẹ́rìn-ín nínú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn débi tí Abíọ́nà fi ń bá wa wí. Nígbà tí ó kú, mo sin ín, mo sunkún rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń sunkún ọ̀rẹ́, n kò gbé ohun mìíràn mọ́ ọn.

Nígbà tí mo padà dé ilé, Ẹ́sítérì wo ara ògiri, ó rí i pé ìṣó nìkan ló kù. Ó ṣí fìlà lórí mi, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó náà. Fìlà tí mo dé yìí náà ni. Mo ṣì ń dẹ tàkúté títí dòní, imọ̀ ọ̀pẹ méjì ni mo ń so, bí mo bá sì ti ká tàkúté, méjèèjì ni mo ń tú.

Ọ̀rọ̀ mi tán. Òjò ti ń ṣú bọ̀, mo sì rí i pé ẹ ti ń wo ojú ọ̀run. Ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wà láàárín yín tí imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ ṣì so sójú ọ̀nà ẹlòmíràn, kó gba ibẹ̀ kọjá lónìí, kó má sọ pé ó di àárọ̀.